Bí a ṣe ń fi fọ́tò àti skáànì ojú mọ àìsàn iṣan ìríran, ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan ò ní gbé bébà OCT, skáànì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ìpele ẹ̀yìn ojú, wá sọ́dọ̀ mi, tó dì í mú bíi pé ìwé ìdájọ́ ni, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún, torí pé ibì kan pupa lórí bébà yẹn, wọ́n dẹ̀ ti sọ fún un pé iṣan ojú ẹ̀ ti ń kú. Ìgbà míì òótọ́ ni. Ìgbà míì kì í ṣòótọ́ rárá, skáànì yẹn gan-an ni ò dáa. Mo dẹ̀ ti rí òdìkejì ẹ̀ náà, ẹni tí gbogbo bébà ẹ̀ jẹ́ gíríìnì látòkè délẹ̀, tí wọ́n ní kó máa lọ kò séwu, tí iṣan ẹ̀ sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ àìsàn o. Ohun tó mọ̀ ò ju kó wọn nǹkan, kó fi wé ti àwọn tí ojú wọn dá tí wọ́n ti kó sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá kun ún ní àwọ̀. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ ló máa sọ ohun tó túmọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ to bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ojú, àti fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èsì lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi dókítà yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń wá. Iṣan ìríran ni okùn tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ, kì í dẹ̀ ṣe okùn kan ṣoṣo, fọ́nrán tín-tìn-tín tó lé ní mílíọ̀nù kan ló para pọ̀ di okùn yẹn. Láti ẹ̀yìn ẹyinjú títí dé ibi tí tọ̀tún àti tòsì ti pàdé nínú orí, gígùn ẹ̀ tó nǹkan bíi 50 mìlímítà. Ibi tí gbogbo fọ́nrán yìí ti kóra jọ kí wọ́n tó jáde lẹ́yìn ojú là ń pè ní disc, èmi máa ń pè é ní orí iṣan. Fífẹ̀ ẹ̀ ò ju mìlímítà kan àbọ̀ sí méjì lọ, àmọ́ ibẹ̀ nìkan nínú gbogbo ara lèèyàn ti lè fojú ara ẹ̀ rí iṣan tó ti ọpọlọ wá láìfi ọ̀bẹ kan ara ẹnikẹ́ni. Fọ́nrán tó bá sì ti kú nínú wọn kì í hù padà. Ìdí tá a fi ń sáré nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má tíì tan ẹ̀rọ

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń wu gbogbo èèyàn, àmọ́ ẹni tí ò bá bi aláìsàn léèrè dáadáa kó tó gbé e sídìí ẹ̀rọ, àwòrán yẹn á kàn máa dà á láàmú ni. Ẹ bi í pé ojú kan ni àbí méjèèjì. Ṣé òjijì ló ṣẹlẹ̀, àbí ó ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀? Ṣé ó máa ń dùn ún tó bá yí ojú? Ṣé orí ń fọ́ ọ, ṣé ojú ẹ̀ máa ń ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó bá tẹ̀ tàbí tó bá dìde, ṣé ó ń gbọ́ ohùn tó ń lù kìkì bí ọkàn ṣe ń lù nínú etí? Oògùn wo ló ń lò, pàápàá oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní ethambutol, torí ó lè ba iṣan yìí jẹ́. Ta ló fọ́jú nínú ìdílé wọn, níhà ìyá àbí níhà bàbá?

Lẹ́yìn náà ẹ yẹ bó ṣe ń ríran wò lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ bó ṣe ń dá àwọ̀ mọ̀ wò, kẹ́ ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì. Àyẹ̀wò tọ́ọ̀ṣì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò dẹ̀ náni ní nǹkan kan. Ẹ pa iná yàrá kó dúdú díẹ̀, ẹ ní kó máa wo ọ̀ọ́kán, kó má wo tọ́ọ̀ṣì. Ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa sójú ọ̀tún fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3, ọmọlójú méjèèjì á kéré. Ẹ yára gbé e lọ sójú òsì, ẹ kà á bákan náà, ẹ tún yára gbé e padà. Ojú tí iṣan ẹ̀ bá ti ṣàárẹ̀, bí iná bá ṣe dé bẹ̀ ni ọmọlójú ẹ̀ á máa fẹ̀ dípò kó kéré, bíi pé wọ́n dín iná kù ni, torí pé iná tó ń dé ọpọlọ láti ojú yẹn ti dín lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ láé. Àmọ́ tí ojú méjèèjì bá bàjẹ́ dọ́gbadọ́gba, ẹ ò ní rí i, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán oògùn tó ń la ọmọlójú kẹ́ ẹ tó ṣe àyẹ̀wò yìí. Mo ti rí i tí wọ́n ń kán an lẹ́nu ọ̀nà kí aláìsàn tó jókòó rárá, kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọlójú ti là gbàràgbà, ẹ̀rí tó ṣeyebíye jù ti lọ nìyẹn, ó di ọjọ́ míì.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ visual field, èyí tó ń wá ibi tí ojú rí àti ibi tí kò rí, ibí ló yẹ kó ti wáyé náà, kó tó di pé ojú ti ń ṣú lọ́wọ́ oògùn. Ibi tí aláìsàn ò ti rí nǹkan lórí àyẹ̀wò yẹn ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa tẹjú mọ́ lórí fọ́tò. Ẹ rántí pé ohun gbogbo dorí kodò nínú ojú o: tí kò bá ríran lókè, ìsàlẹ̀ rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, lẹ ti máa wá ìbàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: fọ́tò ẹ̀yìn ojú

Hermann von Helmholtz ní Jámánì ló ṣe ẹ̀rọ tí dókítà fi ń yọjú wo ẹ̀yìn ojú jáde ní 1851, títí dòní, ohun tí Helmholtz rí yẹn náà là ń wò, kàmẹ́rà ló kàn bá wa tọ́jú ẹ̀. Oògùn àkánsójú bíi tropicamide máa ń la ọmọlójú láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ sọ fún aláìsàn pé ojú ẹ̀ máa ṣú fún wákàtí mélòó kan, kó má wa mọ́tò. Ẹ nu gíláàsì kàmẹ́rà dáadáa, torí eruku kékeré kan tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á jáde bí àmì lórí rẹ́tínà, ẹ̀ẹ́ dẹ̀ máa rí i níbì kan náà lójú gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá yà lọ́jọ́ náà. Ojú méjèèjì lẹ máa yà, bí ẹjọ́ ẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ tojú kan, torí ojú kejì ni ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa fi mọ ti àkọ́kọ́.

Bí mo ṣe ń kà á nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ìlà etí orí iṣan, ṣé ó hàn kedere yípo àbí ibì kan ti rú. Mo wá wo àwọ̀ ẹ̀. Tó bá dá, ó máa ń dà bí ọsàn tó pọ́n díẹ̀, àárín ẹ̀ máa ń funfun ju etí lọ. Tó bá ti funfun bíi bébà, fọ́nrán púpọ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra níbí o, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kataráátì fún, orí iṣan ẹ̀ máa ń funfun ju tàtẹ̀yìnwá torí wọ́n ti yọ lẹ́ǹsì tó ti pọ́n rúsúrúsú kúrò, kì í ṣe àìsàn. Lẹ́yìn àwọ̀ mo wo kòtò àárín. Mo fi fífẹ̀ kòtò yẹn wé fífẹ̀ gbogbo orí iṣan lóòró, tó bá jẹ́ 0.3 mi ò ní sọ nǹkan, tó bá ti ń sún mọ́ 0.7, tàbí tí ojú kan bá fi 0.2 ju ojú kejì lọ, mo tẹjú mọ́ ọn. Àmọ́ orí iṣan tó tóbi lásán máa ń ní kòtò tó tóbi, èyí tó kéré sì lè ní glaucoma, àìsàn tó ń pa fọ́nrán iṣan yìí díẹ̀díẹ̀, nínú pẹ̀lú kòtò tí ò tó nǹkan, nítorí náà ẹ má sọ̀rọ̀ kòtò láìsọ̀rọ̀ bí orí iṣan yẹn ṣe tóbi tó. Ohun tó kù ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́. Ìlà ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo létí orí iṣan, tó dà bí iná ìṣáná, lè jẹ́ àmì glaucoma tó ń sáré, ó dẹ̀ máa ń parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, fọ́tò nìkan ló máa jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀ rí.

Tí kàmẹ́rà yín bá ní iná gíríìnì tí wọ́n ń pè ní red-free, ẹ lò ó. Àwọn fọ́nrán á máa dán bí ìlà irun tó tẹ̀ gba òkè àti ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti kú á wá dúdú bí ẹni gé ègé kan kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: OCT

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé OCT jáde ní 1991. Ó ń ju ìmọ́lẹ̀ sínú ojú, ó ń fetí sí bó ṣe ń padà, bí àdán ṣe ń fi ohùn mọ̀nà lálẹ́, ìyẹn ló fi ń ya ìpele rẹ́tínà bí ẹni la igi tó ń ka òrùka inú ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí lè ya nǹkan tí nínípọn ẹ̀ ò ju máíkírọ́ọ̀nù 5 lọ sọ́tọ̀ (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà).

Ẹ gba skáànì tó dáa kẹ́ ẹ tó ronú nípa kíkà á. Ojú tó gbẹ ló ń ba skáànì jẹ́ jù lọ, ẹ̀kán omi ojú kan àti "ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá là á kalẹ̀" máa ń tún un ṣe. Ẹ rí i pé ó ń wo àmì inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á fa òbìrí kan yí orí iṣan ká, fífẹ̀ ẹ̀ tó nǹkan bíi 3.4 mìlímítà, orí òbìrí yìí ló ti ń wọn ìpele fọ́nrán tá à ń pè ní RNFL. Tí òbìrí yẹn bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ́rẹ́, apá tó sún mọ́ orí iṣan á nípọn, apá tó jìnnà á tínrín, àìsàn tí ò sí á wá yọjú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó yẹ̀, ẹ tún un yà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ síwèé.

Tí bébà bá ti wá jáde, àwọ̀ kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Mo tún un sọ, àwọ̀ kọ́. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ojú wo ni, torí ọjọ́ ìbí tí wọ́n bá tẹ̀ ṣì á jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ọmọ ogún ọdún wé arúgbó. Ẹ wo agbára síginà, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka á dé 10, tí kò bá tó 6 ẹ má gbà á. Ẹ wá ṣí àwòrán skáànì fúnra ẹ̀, èyí tó dúdú tó funfun, kẹ́ ẹ fi ojú tẹ̀ lé ìlà méjì tí ẹ̀rọ fà sókè àti sísàlẹ̀ ìpele fọ́nrán. Tí ìlà yẹn bá já, tàbí tó já wálẹ̀ lójijì tó sì ń rìn níbi tí kò yẹ, nọ́ńbà ibẹ̀ ò wúlò. Ẹ wo bóyá ibì kan ṣókùnkùn tàbí wọ́n gé e lórí. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn lẹ tó ní ẹ̀tọ́ láti wo àwọ̀.

Àwọ̀ náà rèé. Gíríìnì ni ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ojú wọn dá wà. Yẹ́lò túmọ̀ sí pé nínú 100 ẹni tójú wọn dá, kò ju bíi 5 lọ tí tiwọn tínrín tó bẹ́ẹ̀, pupa túmọ̀ sí pé kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ó dáa, àmọ́ ẹ̀rọ pín òbìrí yẹn sí apá 4, ó tún un pín sí 12 bí aago, ẹ ẹ̀ rí i pé ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń béèrè ti pọ̀, kí ojú tó dá dáadáa ní pupa kékeré kan níbì kan kì í ṣe ìyanu. Pupa tó máa bà mí lẹ́rù ni èyí tó dúró síbi tí àìsàn máa ń dúró sí, tó bá ti fọ́tò mu, tó sì bá ibi tí aláìsàn ò ti ríran mu.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkùnrin kan wá tí gíláàsì ẹ̀ nípọn gan-an, irú àwọn tí kì í rí ọ̀ọ́kán láti kékeré. Bébà ẹ̀ jáde, pupa lókè pupa nísàlẹ̀, mo dẹ̀ sọ fún un pé ó dà bíi pé glaucoma ni. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ka bébà yẹn pọ̀ sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà. Ọ̀gá mi ló ṣí skáànì yẹn lọ́sẹ̀ kejì tó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí sikiríìnì. Lójú tó dá, ìlà yẹn máa ń ní iké méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni fọ́nrán ti pọ̀ jù. Iké ọkùnrin yìí pé méjèèjì, wọ́n ga dáadáa, wọ́n kàn sún sí apá ẹ̀bátí ju ibi tí ẹ̀rọ retí wọn lọ, bó ṣe máa ń rí lójú tó gùn nìyẹn. Kò ní nǹkan kan. Àmọ́ ọkùnrin yẹn ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́jọ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ, mo bẹ̀ ẹ́, ó dárí jì mí, láti ìgbà yẹn mi ò tíì ka àwọ̀ ṣáájú àwòrán mọ́.

Nípa nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tójú wọn dá máa ń ní ìpíndọ́gba RNFL tó wà láàárín nǹkan bíi 80 sí 110 máíkírọ́ọ̀nù. Kò lè dé òdo láé, bí gbogbo fọ́nrán tiẹ̀ kú tán, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọn nǹkan míì tó kù níbẹ̀ á gbé e dúró sí nǹkan bíi 50. Nítorí náà ẹni tó ti wà ní 52, OCT ò ní lè sọ fún yín mọ́ bóyá ó ń burú sí i, visual field lẹ máa gbára lé.

Ẹ má tíì dìde o, ẹ tún ya mákúlà, àárín rẹ́tínà tá a fi ń rí nǹkan kedere, náà. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó bí fọ́nrán yìí, ganglion cell, kó ara wọn jọ sí jù. Àǹfààní ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé tí orí iṣan bá wú, RNFL á nípọn tàn yín jẹ, ikú á fara pamọ́ sábẹ́ wíwú, àmọ́ ìpele ganglion cell kì í fi bẹ́ẹ̀ wú, tó bá ti ń tínrín ẹ mọ̀ pé iṣan ti ń ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ẹnu wọn kò

Tí ẹ̀rí bá ti pé, ẹ wá bi wọ́n pé àìsàn wo ló máa ń ṣe báyìí.

Glaucoma máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tàbí lókè níhà ẹ̀bátí, kòtò á máa jìn, etí á gé níbì kan, àmọ́ etí tó kù á ṣì pọ́n. Tí orí iṣan bá funfun ju bí kòtò ẹ̀ ṣe tóbi lọ, ẹ má fipá pè é ní glaucoma, ẹ wá nǹkan míì lọ, ó lè jẹ́ kókó inú orí ló ń tẹ iṣan. Ìyẹn ní àmì kan tó gún régé: tí nǹkan bá ń tẹ ibi tí iṣan méjèèjì ti pàdé, ganglion cell á tínrín ní ìdajì apá imú lójú méjèèjì, ìlà ààlà ẹ̀ á gún láàárín bí ẹni fi rúlà fà á. Mo ti rí i kí èyí hàn lórí OCT nígbà tí aláìsàn ò tíì kíyè sí nǹkan kan. MRI, ìyẹn àwòrán inú orí, ló kàn lọ́jọ́ yẹn.

Iṣan tó gbóná, optic neuritis, máa ń mú àwọn tí ò tíì dàgbà púpọ̀, ojú kan, ó máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá yí i, àwọ̀ pupa á ṣá lójú wọn. Nínú mẹ́ta, méjì lórí iṣan wọn máa ń dà bí èyí tó dá pátápátá níbẹ̀rẹ̀ torí ẹ̀yìn ni iná ń jó. Fọ́tò á dára, OCT á dára, tọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan ló máa tú àṣírí. Ìdí tí mo fi ń pariwo tọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ganglion cell á bẹ̀rẹ̀ sí tínrín láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, RNFL á tẹ̀ lé e ní oṣù 3 sí 6. MRI orí àti ẹ̀yìn ojú pẹ̀lú oògùn abẹ́rẹ́ ló máa ń fi ibi tó ń gbóná hàn.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni orí iṣan tó wú lójú méjèèjì, torí ó lè jẹ́ pé ìfúnpá omi tó yí ọpọlọ ká ló ga, papilledema nìyẹn, ó dẹ̀ lè pani. Ó tún lè jẹ́ pé kò wú rárá, òkúta kéékèèké tí wọ́n ń pè ní drusen ló wà nínú orí iṣan látọmọdé tó gbé e sókè. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lónìí, ẹnìkejì ò nílò kí wọ́n fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ láìnídìí. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Nínú papilledema, ìlà etí á rú, fọ́nrán tó wú á bo iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń kọjá etí, ẹ̀jẹ̀ lè ṣẹ́ yípo. Nínú drusen, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hàn kedere, etí á rí wọ́gọwọ̀gọ, kòtò kì í sábà sí. Ẹ ya OCT tó ń wọlé jìn, EDI: òkúta á dúdú nínú, etí ẹ̀ á funfun yí i ká. Fọ́tò autofluorescence, tí wọ́n ń yà láì fún lábẹ́rẹ́, á jẹ́ kí àwọn tó wà lókè tàn bí ìràwọ̀, èyí tó jìn sínú lè má tàn. Àyẹ̀wò ultrasound náà wà, ẹ dín agbára ẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, gbogbo nǹkan á parẹ́, òkúta nìkan á ṣì máa dán. Lára ọmọdé òkúta yẹn lè má tíì le, ẹ má fi àìrí i lórí ultrasound parí ẹjọ́.

Tí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ tọ́jú ẹ̀ bíi papilledema. Ẹ wọn BP ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó burú gan-an náà máa ń wú orí iṣan méjèèjì, mo mọ̀ pé dókítà ojú púpọ̀ máa ń gbàgbé èyí. Lẹ́yìn náà àwòrán ọpọlọ àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fa omi, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Kí aláìsàn ṣì máa kà kàátì dé ìsàlẹ̀ kò yẹ kó tàn yín, níbẹ̀rẹ̀ papilledema ojú máa ń ríran dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn tí ò gbọdọ̀ dúró dọ̀la

Ẹni tó lé ní 50 ọdún tí ojú kan ṣú lójijì, tí orí iṣan ẹ̀ wú tó sì funfun, ẹ bi í bóyá àgbọ̀n ń dùn ún tó bá ń jẹun, bóyá orí ń dùn ún tó bá ń ya irun. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló lè máa gbóná, giant cell arteritis, ojú kejì lè lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ESR àti CRP lọ́jọ́ náà, sìtẹ́rọ́ọ̀dì lọ́jọ́ náà, kò sídìí láti dúró de àwòrán míì. Níbi tí fluorescein bá wà, ìyẹn oògùn aláwọ̀ tí wọ́n ń fún sínú iṣan apá kí wọ́n máa yà á bó ṣe ń wọ ojú, ẹ máa rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé ẹ̀yìn rẹ́tínà. Ẹ sọ fún aláìsàn pé ara àti ìtọ̀ ẹ̀ máa pọ́n rúsúrúsú títí di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì bi í nípa alẹ́ẹ̀jì tẹ́lẹ̀.

Fluorescein yìí tún wúlò fún ọ̀dọ́kùnrin tí àárín ìríran ẹ̀ lọ láìsí ìrora, ojú kan, ojú kejì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Orí iṣan á dà bíi pé ó wú, àmọ́ oògùn yẹn ò ní jò jáde níbẹ̀. Ìdílé ìyá ni kẹ́ ẹ béèrè, àìsàn Leber ló ṣeé ṣe kó jẹ́.

Àwọn tó ń lo ethambutol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín torí ohun tẹ́ ẹ kà níbí. Tí àwọ̀ bá ń ṣì lójú yín tàbí tẹ́ ẹ ò bá rí ìwé kà dáadáa mọ́, ẹ lọ bá dókítà tó fún yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lọ́dọ̀ yín, fọ́tò tó dára níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò séwu.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i

Skáànì kan jẹ́ fọ́tò, skáànì mẹ́ta ló di ìtàn. Lórí ẹ̀rọ kan náà, lójú kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ìpíndọ́gba RNFL lè fi máíkírọ́ọ̀nù 3 tàbí 4 yàtọ̀ láìsí ohun tó yí padà. Tó bá ti fi ju 5 lọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ tún un yà tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó ti ń lọ nìyẹn, torí ọjọ́ orí nìkan kì í mú tó máíkírọ́ọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ẹ má fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kan wé ti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ míì, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ò dọ́gba, mo ti rí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn tuntun torí pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ aláìsàn, tí wọ́n bá ti yà yín tán, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fáìlì skáànì fúnra ẹ̀, kì í ṣe bébà aláwọ̀ yẹn nìkan. Kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn bébà: ọjọ́ wo ni, ẹ̀rọ wo ni, síginà ẹ̀ jẹ́ mélòó, ṣé wọ́n ti la ọmọlójú yín nígbà tí wọ́n yà á. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ dání nígbà míì, àtìgbà àkọ́kọ́, bó ti wù kó ti pẹ́ tó.